Ohùn Tó Ṣí Kànga

Oṣù Jeth, ọjọ́ Ajé

Èmi, Ẹni Mímọ́ Jùlọ, Swami Nityaprakash, ẹni tó fi òkè yìnyín ṣe ìrọ̀rí, ẹni tí àwọn ọlọ́lá ìlú ńlá ń wọ́ tẹ̀ lé bí ewúrẹ́ tó rí ewé tútù, ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí kí aráyé lè mọ bí ọkàn mi ṣe jinlẹ̀ tó. Mo ti wọ inú ìdákẹ́jẹ́ igi. Ẹni tó bá wọ ọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ mi orí, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Bí igi ni yóò rí títí di òṣùpá àrànmọ́jú oṣù Asadh tó ń bọ̀, ọjọ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn ń wá kí olùkọ́ wọn.

Ẹ óò ní, bí kò bá gbọdọ̀ kọ̀wé, báwo ló ṣe ń kọ èyí? Ìbéèrè òmùgọ̀ nìyẹn. Ẹni mímọ́ a máa kọ̀wé láìkọ̀wé.

Ooru òní lè dín ẹyin. Ilẹ̀ jó mi lẹ́sẹ̀ débi pé mo ń fò bí ẹlẹ́ṣin. Rárá, ẹni mímọ́ kì í fò. Ìyá mi àgbà ń pariwo pé kí n gbé ìgbálẹ̀ wá, ìgbẹ́ màlúù ti kún àgbàlá. Ìyá àgbà gbogbo ayé ni mo fẹ́ wí. Mo ń bọ̀ o!

Jeth, Ọjọ́rú

Ó dáa. Èmi tí mo mú bírò yìí dání àti Ìyá àgbà la jọ ń gbá àgbàlá ìta ní àgọ́ Swami. Ìta ni mo wí o, kì í ṣe inú. Àwa ará ìsàlẹ̀ abúlé kì í kọjá ìdí igi ọ̀dán. Ibi tí ìgbálẹ̀ wa bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ń dúró.

Ṣùgbọ́n ta ló fi okùn so etí mọ́lẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ga tó ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Swami, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Mo mọ bó ṣe ń fa imú kó tó lanu. Mo mọ bó ṣe ń na "ọ̀ọ̀ọ̀kan ṣoṣo" bí ẹni ń na rọ́bà. Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ́, kò ní pe omi ní "pání" bí gbogbo wa ti ń pè é. "Jál" ni yóò wí, èdè inú tẹ́ḿpìlì, bí ẹni pé omi náà kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó wá.

Lánàá mo fi ohùn rẹ̀ wàásù fún àwọn ewúrẹ́. Méjì dìde dúró.

Tòmátì ti gbówó lórí, kò ṣe é súnmọ́. Àlùbọ́sà nìkan la fi ń jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi ọkà bàbà ṣe.

Jeth, Ọjọ́bọ̀

Wọ́n ti kànga mọ́ wa.

Kànga alátẹ̀gùn abúlé wa, tí a ń gba àtẹ̀gùn òkúta sọ̀ kalẹ̀ dé ibi omi rẹ̀, tí bàbá Ìyá àgbà wà lára àwọn tó to òkúta rẹ̀. A gbé ìkòkò débẹ̀ láàárọ̀, a bá ilẹ̀kùn irin àti àgádágodo tó tóbi tó orí ọmọ tuntun. Ọ̀gá Dube, alábòójútó àgọ́, dúró síwájú rẹ̀, ó to kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí bí ìyàwó tuntun to ìlẹ̀kẹ̀.

"Kì í ṣe èmi o," ló wí. "Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. Kó tó wọ ìdákẹ́jẹ́ ló ti wí fún mi pé, 'Dube, omi ń lọ sílẹ̀. Ti àgọ́ àti ti àwọn ará òkè ni kó ṣẹ́ kù. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ìlú ńlá, wọn yóò wẹ̀.'"

Ìyá àgbà ní, "Ọ̀gá Dube, àwa ńkọ́?"

"Ẹ lọ sí odò."

"Odò tó ti di yanrìn?"

"Ẹ gbẹ́ yanrìn náà. Ìyà ayé yìí ló ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ kúrò lára ènìyàn. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ẹ̀kọ́, àbí ẹ kì í gbọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ wá ṣẹ̀ láyé àtijọ́ tí wọ́n fi fún yín ní irú imú yìí?"

Ìyá àgbà gbá mi létí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ìsàlẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì ṣe é gbà padà.

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Bàbá ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló máa já Dube nírọ́?

Jeth, ọjọ́ Àbámẹ́ta

A gbẹ́ yanrìn odò títí oòrùn fi dé àtàrí. Omi ń yọ bí òógùn lára aláìsàn. Ìkòkò kan là ń dúró dè láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán.

Mo rí ẹyin ẹyẹ títódì. Ẹyẹ alárìwo yẹn ni wọ́n fi ń pè mí, torí wọ́n ní ẹnu mi kì í sinmi. Bó bá yé ẹyin sórí òkìtì, òjò ọdún náà yóò pọ̀, kí omi má baà gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Àárín odò gan-an ló yé tọdún yìí sí. Mi ò sọ fún Ìyá àgbà.

Jeth, ọjọ́ Ajé

Ẹ̀kọ́ Bàbá ni pé ọkùnrin kan rí okùn nínú òkùnkùn, ó pè é ní ejò, ó sá. Ẹ̀rù tó bà á, òótọ́ ni. Ejò tó rí, irọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ layé ṣe rí.

Mo gba ẹ̀kọ́. Mo mú okùn ewúrẹ́ dúdú, mo ká a sójú ọ̀nà ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́. Bí Ọ̀gá Dube ṣe ń bọ̀, mo lúgọ sẹ́yìn odi, mo súfèé bí ejò ṣe ń súfèé, èyí tó gùn nì, tó ń lọ sókè níparí.

Ha! Ó fò. Aṣọ ìbàdí rẹ̀ kọ́ sára ẹ̀gún, aṣọ dúró, òun lọ.

"Ejò! Ẹ gbà mí! Ejò!"

"Okùn ni, Ọ̀gá," ni mo wí láti ẹ̀yìn odi. "Bàbá ti kọ́ wa."

"Títódì! Bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ọ́!"

"Ọwọ́ wo, Ọ̀gá? Àwọn méjèèjì lẹ fi bo ìhòòhò."

Alásè àgọ́ rẹ́rìn-ín títí róòtì fi jóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìkòkò wa ṣófo bó ṣe wà. Ẹ̀rín kì í pa òùngbẹ.

Jeth, ọjọ́ Ẹtì

Ìyá àgbà ṣubú ní bèbè odò. Ìkòkò fọ́, omi àárọ̀ kan wọ inú yanrìn tó ti jáde. Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rin la gbé e wálé. Ètè rẹ̀ ti là bí ilẹ̀ oko.

Ojú mi gbóná. Ó ní, "Má sunkún. Omi yẹn, a ò ní èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀."

Mo lọ bá Bàbá. Ó jókòó sórí òkúta rẹ̀ ní abẹ́ igi ọ̀dán, mo dúró níbi tí ààlà wa pin sí. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ti kànga? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ má sọ nǹkan kan."

Kò sọ nǹkan kan.

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ má sọ nǹkan kan."

Kò sọ nǹkan kan.

Inú bí mi. Mo gbé ohùn rẹ̀ wọ̀, mo fa imú, mo ní, "Oòrùn ọ̀ọ̀ọ̀kan ṣoṣo ló ń ràn nínú ẹgbẹ̀rún ìkòkò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ó má ràn nínú ti Kesar àgbàlagbà, ìkòkò tirẹ̀ ti fọ́."

Ikùn rẹ̀ mì lábẹ́ aṣọ. Mo rí i! Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mì í. Nígbà tí mo dárúkọ Ìyá àgbà, ó dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Ẹ lè rẹ́rìn-ín nínú, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ síta. Igi mà ni yín lóòótọ́." Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo lọ. Mi ò kí i kí n tó lọ.

Oṣù Asadh, ọjọ́ Àìkú

Mo ti ṣe é.

Yàrá tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà kan ilé màlúù, ìta sì nilé màlúù wà, ibi tí ìgbálẹ̀ mi ní ẹ̀tọ́ láti dé. Lakhan tó ń bójú tó ẹ̀rọ a máa gbé orin òwúrọ̀ sí i, a sì lọ mu tíì. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo wọlé, mo pa orin. Mo fa imú. Ohùn Bàbá jáde lọ́fun mi bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ó gba orí òrùlé kọjá, ó dé òkè, ó dé ìsàlẹ̀, ó dé ibi tí àwọn aládùúgbò wa ti ń gbẹ́ yanrìn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi. Oòrùn ọ̀ọ̀ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìkòkò òkè, ìkòkò ìsàlẹ̀, ìkòkò fàdákà, ìkòkò amọ̀, ojú kan náà ló fi ń wò wọ́n. Ta ló fún yín láṣẹ kí ẹ fi àgádágodo sí ojú oòrùn? Ẹ ṣí kànga. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti pání mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo pa ẹ̀rọ, mo gbá ilé màlúù bí ọmọ dáadáa.

Ariwo sọ! Gbogbo abúlé sáré wá síbi igi ọ̀dán. Bàbá jókòó, ètè rẹ̀ pàdé bí ìkarahun.

"Bàbá ti já ẹ̀jẹ́!" ni ẹnì kan kígbe.

Alásè ní, "Ẹnu ẹ kọ́ la ó ti gbọ́ ọ. Ṣé o rí i kó lanu? Ohùn tí wọ́n ti gbà pamọ́ sínú ẹ̀rọ ni. Bàbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò dà báyìí, ló bá sọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó dákẹ́."

Wọ́n yíjú sí Lakhan. Bó bá ní òun ò mọ̀ nípa rẹ̀, a jẹ́ pé tíì ló lọ mu nìyẹn, iṣẹ́ sì ti bọ́. Ó na ọwọ́ sókè. "Bàbá ló gbé e lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀! Ó ní kí n gbé e sí i lónìí gẹ́lẹ́!"

Mo fẹ́ràn Lakhan.

Ọ̀gá Dube wo Bàbá, ó wo Lakhan, ó tún wo Bàbá. Ọgbọ́n tó fi dè wá ti wá dè é. Ta ló máa bi? Àwọn ará òkè fúnra wọn ló ń ti í lẹ́yìn pé, "Ṣí i, Dube, ṣí i. Ṣé o fẹ́ kí èpè já lù wá ni?"

Ó ṣí i.

Asadh, ọjọ́ Ajé

Mo fi omi fọ irun. Ìyá àgbà mu omi yó, ó jókòó dìde, ó bú mi nítorí pé mi ò fọ àwo. Ara rẹ̀ ti ń yá.

Asadh, Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ọ̀gá Dube kó gbogbo wa jọ síwájú kànga. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ológbò tó rántí ibi tí eku wà.

"Láti ọdún tí mo ti ń sin Bàbá," ló wí, "mi ò gbọ́ ọ rí kó pe omi ní pání. Jál ni. Lójú oorun pàápàá, jál ni. Ta ní ń pe omi ní pání nínú gbohùngbohùn?"

Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

"Ẹnì kan jí ohùn Bàbá. Lọ́jọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, Bàbá yóò lanu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ ẹni náà. Láti òní lọ, ará ìsàlẹ̀ kankan kò tún ní súnmọ́ kànga yìí. Ọmọ yín kò ní sún mọ́ ọn, ọmọ ọmọ yín kò ní sún mọ́ ọn."

Àgádágodo padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń ké, eyín mi ń ro mí.

Nílé, Ìyá àgbà káwọ́ lérí. "Gbogbo ohùn yẹn! Gbogbo imú fífà yẹn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo wá gbé sọnù!"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, Ìyá àgbà. Òùngbẹ kì í sọ èdè tẹ́ḿpìlì."

Ó wò mí títí, mo rò pé yóò tún gbá mi létí. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ló rọra ní kí n lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kí ọjọ́ náà tó pé.

Mo ní mi ò lọ. Kí wọ́n wá bá mi níbí.

Asadh, ọjọ́ Ẹtì

Ìkùukùu wá, ó wò wá, ó kọjá lọ.

Asadh, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àwọn àlejò ti ń dé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kún abẹ́ igi dóńgóyárò. Wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, omi ọṣẹ wọn ń ṣàn gba iwájú wa lọ sí gọ́tà. Mo gbá a. Mo fi ohùn obìnrin kan nínú wọn pariwo pé, "Áà, aláǹgbá wà nínú garawa!" Balùwẹ̀ mẹ́ta ló ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tù mí lára díẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí o. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà fi ẹnu sọ ọ́.

Asadh, ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú

Láti àárọ̀ ni àgbàlá ti kún. Àwọn àlejò jókòó sórí ẹní, àwọn ará òkè lẹ́yìn wọn, àwa ará ìsàlẹ̀ lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta. Ìyá àgbà gbé ìkòkò wá, omi yanrìn odò ló wà nínú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Ìyá àgbà?"

"Bí wọ́n bá máa lé wa, kí wọ́n lé èmi àti ìkòkò mi pọ̀."

Agogo dún. Ọ̀gá Dube wólẹ̀ níwájú Bàbá, ife fàdákà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òdòdó ń léfòó nínú omi rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ́ yín ti pé. Kí ẹ tó fẹnu kan jál, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan. Ẹnì kan jí ohùn yín, ó fi ṣí kànga." Ó nàka sí ẹ̀yìn okùn. "Ìwọ ọmọ yìí, dìde!"

"Mo ti wà lórí ìdúró, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ wólẹ̀."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn?"

"Ẹ bi ẹni tó ni ohùn."

Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Bàbá. Ó lanu. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún un ṣe, ohun tó jáde dà bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí láti ọdún mẹ́wàá. Obìnrin àlejò kan tilẹ̀ sọ pé, "Ohùn rẹ̀ ha nìyí?" Bàbá gbé itọ́ tí kò sí mì.

"Pání," ló wí.

"Bàbá?" ni Ọ̀gá Dube wí.

"Pání."

"Jál nìyí, Bàbá. Jál tútù, láti inú kànga…"

Bàbá wo ife náà bí ẹni ń wo okùn tí wọ́n ń pè ní ejò. Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ ké bí igi ìdáná. Ó gba àárín àwọn àlejò kọjá, ó gba àárín àwọn ará òkè kọjá, ó gbé okùn sókè bí aṣọ tí wọ́n sá, ó gba abẹ́ rẹ̀. Níwájú Ìyá àgbà ló lóṣòó sí, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ẹnu bí arìnrìn-àjò tí ń tọrọ omi.

Ìyá àgbà kò mira. Ta ló rí irú rẹ̀ rí, kí ẹni mímọ́ mu omi ìkòkò ará ìsàlẹ̀?

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ dà á."

Ó dà á. Bàbá ń mu, omi ń gba irùngbọ̀n rẹ̀ lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Ó mu títí ìkòkò fi ku ìdajì. Ó wá tu yanrìn jáde, ó wò ó níbi tó já sí.

"Níbo lẹ ti pọn èyí?"

"Nínú odò, Bàbá," ni Ìyá àgbà wí.

"Kànga ńkọ́?"

A kọ́kọ́ gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá Dube tó ń gbọ̀n, kí a tó rí ọwọ́ tó dì í mú.

Lẹ́yìn mi, alásè ní, "Ẹ ò gbọ́ bí? Pání ló pè é!"

Lakhan ní, "Ṣé mi ò wí?"

Asadh, ọjọ́ kejì rẹ̀

Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí Bàbá pè mí. Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ohùn mi kì í ti imú jáde tó bẹ́ẹ̀."

"Ó ń jáde, Bàbá. Ẹ bi àwọn ewúrẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, síta lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní àfi kí n bi í báyìí tó lẹ́nu. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tì í?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Dube. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí irin kan irin, mo sì jókòó."

"Ẹ ti di igi nígbà náà."

"Igi a máa ṣíji bo ènìyàn," ló wí. "Ta ni mo ṣíji bò?"

Bóyá ó rò pé n ó sọ pé kò burú. Ó burú. Mo fi ìgbálẹ̀ mi kọjá ìdí igi ọ̀dán, mo gbá inú àgbàlá, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí n lè gbá abẹ́ rẹ̀.

Òjò kò tí ì rọ̀. Ọmọ títódì ti jáde nínú ẹyin láàárín odò, wọ́n ń sáré lórí yanrìn, wọ́n ń pariwo. Ìyá àgbà wà lórí àtẹ̀gùn kànga, òun àti obìnrin ará òkè kan ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbí.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí kì í ṣe Swami kankan. Èmi ni Sugna, ọmọ ọmọ Kesar, ará ìsàlẹ̀ abúlé Khajuri, tí ìwé rẹ̀ kò kọjá kíláàsì karùn-ún. Ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé lọ́fun mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi kọ èyí, tèmi ni. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó wá bá wa ní kànga láàárọ̀. Kó béèrè pání, a ó bù fún un. Bó bá pè é ní jál, ẹ̀yìn ni yóò tò sí.